Ẹ́ńjìnnì lágbára, jíà ò lè gbé e: Ẹ wá wo Indiana, níbi tí wọ́n ti ń fún jíà ọkọ̀ díísù ní egungun tuntun

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn ìlú Amẹ́ríkà, Indiana kì í sí lẹ́nu àwọn èèyàn. New York ni wọ́n máa ń pè, wọ́n á pe Houston, wọ́n á pe Atlanta àti Chicago, níbi táwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ta ló ń sọ̀rọ̀ Indiana? Ilẹ̀ àgbàdo ni, ilẹ̀ ẹ̀wà sóyà ni, apá ibi tó pọ̀ níbẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dárúkọ ẹ̀ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ díísù jẹun lọ́hùn-ún, kíá lojú ẹ̀ máa là. Nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì díísù tó gbajúmọ̀ jù nínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe jíà tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì náà fún táyà. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi wọ̀. Ẹ̀gbọ́n lágbára ju àbúrò lọ, àbúrò ló sì ń fara gbá a.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ l'Ékòó àti n'Ìbàdàn mọ ohun tí jíà ọtọmátíìkì lè fojú èèyàn rí. Dírẹ́bà á tẹná, ẹ́ńjìnnì á ké, ṣùgbọ́n táyà ò ní í mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ohun tó máa sọ ni pé jíà ti lọ. Owó ńlá nìyẹn. Irú ẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé píkọ́ọ̀pù tiwọn ń fa ẹrù tó wúwo ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ti sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ohun tí wọ́n fi ń figa gbága.

ÌLÚ TÓ WÀ NÍNÚ ÌLÚ

Ẹni tó bá wọ bàálù dé Indianapolis, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, kò ní í rìn jìnnà kó tó dé Speedway. Ìlú kékeré ni, Indianapolis ló yí i ká, ṣùgbọ́n láti ọdún 1926 ló ti ní ìjọba tirẹ̀. Pápá ìfimọ́tòsáré tó wà níbẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde sáyé. Ọdún 1909 ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan, Carl Fisher, James Allison, Arthur Newby àti Frank Wheeler, kówó jọ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Máìlì méjì ààbọ̀ ni ọkọ̀ ń sá kó tó yí i po lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìjókòó rẹ̀ sì lè gba èèyàn tó lé ní 250,000. Láti ọdún 1911 ni wọ́n ti ń sá eré máìlì 500 níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn, James Allison, ló kan ọ̀rọ̀ jíà gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1915, ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń tún ọkọ̀ ìsáré ṣe. Olówó ni, ààfin ló kọ́ fún ara rẹ̀ ní Indianapolis, ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, nínú ọgbà Yunifásítì Marian. Ṣùgbọ́n ilé ayé, ẹ rọra ṣe é. Ní ọdún 1928, Allison kọ ìyàwó ilé ẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹ́ ìyàwó tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó náà tó fi kú, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ni ìjà ogún bá délé ẹjọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, General Motors ra ilé-iṣẹ́ náà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì bàálù ogun ni Allison ń ṣe. Nígbà tí ogun parí, ó tún gbajú mọ́ jíà ọtọmátíìkì fún ọkọ̀ ńlá. Bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn, ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí, ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ àwọn sójà, orúkọ Allison ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ní 2007, General Motors ta ilé-iṣẹ́ náà fáwọn olówó mìíràn, àmọ́ Indianapolis ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Ìdí tí orúkọ náà fi dé etí àwọn onípíkọ́ọ̀pù ni jíà kan tí wọ́n ń pè ní Allison 1000, tí wọ́n gbé sínú Chevrolet Silverado àti GMC Sierra ti ọdún 2001, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Duramax tó lágbára ẹṣin 300. Kó tó dìgbà náà, àwọn èèyàn gbà pé jíà ọtọmátíìkì kì í ṣe jíà ẹni tó ń fa ẹrù. Allison 1000 ló kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ wọn yí ọkàn padà.

DÍRẸ́BÀ TÓ DI ONÍLÉ-IṢẸ́

Láti Indianapolis, ọ̀nà I-65 ló lọ sí gúúsù. Bíi máìlì 45 síbẹ̀ ni Columbus wà. Ìlú tí èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi 50,000 lọ, àmọ́ àwọn ayàwòrán ilé láti gbogbo àgbáyé máa ń wá wò ó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ J. Irwin Miller, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Cummins fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló fà á. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ náà ló ń san owó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí, kí wọ́n lè wá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé panápaná fún ìlú. Ilé-ìkàwé tó wà láàárín ìlú, I. M. Pei ló yàwòrán rẹ̀, ọdún 1969 ni wọ́n ṣí i.

Ẹni tó bá kúrò nídìí ilé-ìkàwé yẹn, tó yà sí olú ilé-iṣẹ́ Cummins, yóò rí ohun tí kò rí rí. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì díísù odindi kan palẹ̀, wọ́n fi wáyà so ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ rọ̀ sókè, bóòtù, písítìnì, páìpù, gbogbo rẹ̀ dúró lójú òfurufú bíi pé ẹ́ńjìnnì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bú gbàmù, tí ẹnì kan sì pàṣẹ fún un pé kó dúró jẹ́ẹ́.

Ìtàn bí Cummins ṣe bẹ̀rẹ̀ máa dùn mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń wakọ̀ fún olówó nínú. Dírẹ́bà ni Clessie Cummins. Ìdílé Irwin, àwọn tó ni báńkì nílùú náà, ló ń wakọ̀ fún, òun náà ló sì ń tún mọ́tò wọn ṣe. Kíláàsì kẹjọ ló ka ìwé dé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ irin, ọ̀gá rẹ̀, W. G. Irwin, sì rí i. Ọdún 1919 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, owó Irwin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bíi ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń náwó tí èrè kò wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ Kérésì 1929, Clessie gbé ọ̀gá rẹ̀ jáde nínú mọ́tò Packard kan, ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pẹ́ tí ọ̀gá fi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti bẹntiróò mọ́. Díísù ni dírẹ́bà òun ti gbé sínú rẹ̀. Ọ̀gá tún tú àpò. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Clessie wa ọkọ̀ náà láti Indianapolis dé New York, owó epo tó fi rin gbogbo ọ̀nà yẹn kò tó dọ́là méjì.

Ní ọdún 1931, ọkọ̀ díísù Cummins tí Dave Evans wà sá eré máìlì 500 ní Speedway láìdúró ra epo rárá, ohun tẹ́nì kan kò ṣe rí nìyẹn, ipò kẹtàlá ló sì ṣe. Ní 1952, wọ́n tún padà wá. Fred Agabashian ló wa ọkọ̀ náà, iwájú gbogbo ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ eré. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyípo 71, ọkọ̀ kú. Ẹnu tí tọ́bò fi ń fa atẹ́gùn wà nísàlẹ̀, àgékù rọ́bà táyà ló wọ inú rẹ̀ tó dí i pa. Ẹ rántí ohun tó pa ọkọ̀ yẹn o. Agbára kọ́ ni kò ní. Ohun kékeré kan tí wọn kò rò mọ́ ọn ni.

KOKOMO, ÌLÚ JÍÀ

Bí èèyàn bá padà sí Indianapolis, tó gba ọ̀nà US 31 lọ sí àríwá bíi wákàtí kan, yóò dé Kokomo. Ibẹ̀ ni Elwood Haynes ti gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ 4, oṣù Keje, 1894, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ayé kò tíì fojú rí mọ́tò. Láti àwọn ọdún 1950 ni Chrysler ti ń ṣe jíà ọtọmátíìkì níbẹ̀, TorqueFlite ni wọ́n pè é. Jíà gidi ni, kò sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe jíà gidi. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróò ni wọ́n ṣe é fún.

Nígbà tó wá di ọdún 1989, Dodge gbé ẹ́ńjìnnì Cummins tó jẹ́ lítà 5.9 sínú píkọ́ọ̀pù Ram. Bí wọ́n ṣe so ọmọ Columbus pọ̀ mọ́ ọmọ Kokomo nìyẹn. Agbára ẹṣin ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ 160 péré, èyí kò sì ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ohun tó yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù ni agbára ìlọ́ rẹ̀, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fọwọ́ lọ́ ṣáàfùtì, èyí tí òyìnbó ń pè ní torque. 400 pound-feet ni, bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń wá, kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rárá. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò máa ń rọra gun òkè, díísù kì í rọra. Gbàá ló ń gbá jíà láyà.

Ilé-iṣẹ́ mọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Láàárín 1996 sí 1998, ẹni tó bá ra Ram tó ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, agbára ẹṣin 215 ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó bá ra ti ọtọmátíìkì, 180 ni wọ́n fún un. Ẹ́ńjìnnì kan náà o, láti ìlú kan náà. Ní 2001, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀: 245 fún ẹlẹ́sẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, 235 fún ọtọmátíìkì, agbára ìlọ́ ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ 505, ti èkejì 460. Nígbà tí jíà ò lè gbé ẹrù, ẹrù ni wọ́n dín kù. Wọ́n ń tún jíà náà ṣe díẹ̀díẹ̀, orúkọ rẹ̀ ń yí padà láti 47RH sí 47RE, ó di 48RE ní 2003, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò dúró de ẹnì kan. Kódà ní 2024, ẹni tó bá fẹ́ Cummins tó lágbára jù nínú Ram gbọ́dọ̀ sanwó kún owó kó lè gba jíà Aisin ti àwọn ará Japan. Ó di ọdún 2025 kí wọ́n tó gbé jíà oníyàrá mẹ́jọ wọlé, tí ìlànà rẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ZF ti Jámánì, kí gbogbo ọkọ̀ tó máa gba agbára ẹṣin 430 láìyọ ẹnì kan sílẹ̀.

NÍBI TÍ JÍÀ TI Ń SUNKÚN

Àwọn tó ra ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fún wọn ní 180 nígbà tí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ṣì wà nínú àpò ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ Cummins ti àwọn ọdún 1990 ni kò ní kọ̀ǹpútà, pọ́ǹpù epo wọn sì rọrùn láti tún tò. Ẹni tó bá ní sípánà àti ọjọ́ Sátidé kan péré lè fi agbára ẹṣin mẹ́wàá mẹ́wàá kún un láìnáwó púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ìyẹn tún wá rọrùn jù, bọ́kísì kékeré kan báyìí ni wọ́n máa fi sí i. Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Jíà ni onílé níbí, kò sì lágbára láti sọ pé òun ò gbà.

Kọnfátà ló máa ń kọ́kọ́ kígbe. Àárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ló wà, ọ́ìlì ló sì ń fi gbé agbára láti ọ̀dọ̀ ẹnì kìíní fún ẹnì kejì. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré dáadáa, kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú rẹ̀ tó máa di àwọn méjèèjì mú kí ohunkóhun má yọ̀. Ẹyọ pátákó kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀, irin tí wọ́n fi ṣe ìdérí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí agbára bá pọ̀, ìdérí yẹn á wú bí àkàrà inú epo, pátákó á máa yọ̀, á gbóná, á jóná. Eruku rẹ̀ á bá ọ́ìlì lọ sí gbogbo ara jíà. Nígbà tí ọ́ìlì tó pupa bá ti di dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná nídìí ìkòkò, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Ti Allison yàtọ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka bí ṣáàfùtì ṣe ń yí. Bó bá rí i pé nǹkan ń yọ̀, ó máa ti jíà mọ́ ipò kan, ọkọ̀ á sì máa wọ́ lọ sílé bí ẹni tó ṣẹsẹ̀. Ó ń gba ara rẹ̀ là ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fa ẹrù sẹ́yìn lójú títì kò ní í dúpẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń fún un lágbára? Ọ̀rọ̀ náà kò lóògùn. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, kọnfátà ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á fi èyí tí wọ́n gbẹ́ ìdérí rẹ̀ láti ara irin gidi kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, inú rẹ̀ á sì ní pátákó kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta dípò ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kan àpótí ọ̀nà ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní valve body. Wọ́n á tún un tò kó lè fi ọ́ìlì tẹ àwọn kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ le sí i, kí wọ́n má lè yọ̀. Wọ́n á fi kún iye pátákó tó wà nínú ìlù kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan. Ṣáàfùtì tó ń gba agbára wọlé, irin tó le bíi ti ara bàálù ni wọ́n á fi ṣe òmíràn, torí pé ti ilé-iṣẹ́ máa ń kán sí méjì bí igi ìsáná. Wọ́n á pààrọ̀ àwọn apá kéékèèké tó ń fa bẹ́líìtì inú jíà mọ́ra. Wọ́n á wá fi rédíétọ̀ ọ́ìlì tó tóbi sí i, àti àwo ìsàlẹ̀ tó jin tó sì ń gba ọ́ìlì púpọ̀, torí pé ooru ni ikú jíà.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn àgbà mẹkáníìkì ibẹ̀ máa ń sọ fún ẹni tó ní jíà Kokomo àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá wà ní Park, ọ́ìlì kì í lọ sí kọnfátà àti ibi tó ti ń tutù. Ẹni tó fi ọkọ̀ sí Park, tó ní òun ń jẹ́ kó gbóná láàárọ̀, tàbí tó ní kí jíà tutù lẹ́yìn tó gun òkè, kò ṣe nǹkan kan. Neutral ló yẹ kó wà, kó sì tẹ bíréèkì ọwọ́. Kò ná an ní kọ́bọ̀, ó sì lè yọ jíà nínú ewu.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹni tó bá fi ọ́ìlì tẹ kílọ́ọ̀ṣì jù, jíà á máa gbá ọkọ̀ nípàá nígbàkigbà tó bá ń yí, ohun mìíràn ló sì máa fọ́. Nígbà tí jíà bá wá lágbára tán, agbára náà á kọjá lọ sí ara ṣáàfùtì abẹ́ ọkọ̀, á lọ sí ààsù ẹ̀yìn, á máa wá ẹni tó kàn. Owó náà kò kéré, láti ẹgbẹ̀rún dọ́là márùn-ún dé mẹ́wàá ni wọ́n ń ná sórí jíà tó dáa, ó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ fáwọn tó ń díje.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N Ń DÁN AGBÁRA WÒ

Brownsburg wà ní ìwọ̀-oòrùn Indianapolis. Nítòsí ibẹ̀ ni pápá Lucas Oil Indianapolis Raceway Park wà. Ní 2017, wọ́n gbé ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Ultimate Callout Challenge wá síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Utah ní 2016. Píkọ́ọ̀pù díísù ló wà fún, ohun mẹ́ta ni ọkọ̀ kan náà sì gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ sáré lórí ọ̀nà tààrà. Ó gbọ́dọ̀ gun orí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹṣin. Ó sì gbọ́dọ̀ fa ẹrù lórí ilẹ̀ erùpẹ̀.

Ìfẹrù yẹn ló ń tú àṣírí jíà. Ẹrù náà wà lórí ọkọ̀ ìfà kan tó ní kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, tí iwájú rẹ̀ sì ń fara wọ́ ilẹ̀. Bí píkọ́ọ̀pù ṣe ń fà á lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń rìn bọ̀ wá síwájú, tí ìnira ń pọ̀ sí i. Èyí túmọ̀ sí pé níbi tó ti yẹ kí ọkọ̀ sinmi ni iṣẹ́ ń le jù. Èéfín dúdú á bo ojú sánmà, àwọn èrò á dìde, gbogbo etí á dí. Lójijì, ẹ́ńjìnnì á hu fatafata, táyà á dúró. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Jíà ni. Àwọn ọkọ̀ kan níbẹ̀ lágbára ẹṣin tó lé ní 2,000, bẹ́ẹ̀ 160 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1989.

ẸNI TÓ Ń FI JÍÀ JẸUN

Ẹni tó bá parí ìrìn rẹ̀ síbẹ̀ máa rò pé eré ọmọdé ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kó máa bá ọ̀nà àríwá lọ. Lókè pátápátá ní Indiana, nítòsí ààlà Michigan, ni Elkhart wà. Agbègbè yìí ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé alátáyà tí òyìnbó ń fà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ fún ìsinmi. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wọn láti Elkhart lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà wọ́n káàkiri Amẹ́ríkà, títí dé òkè Colorado, títí dé Texas. Àwọn onípíkọ́ọ̀pù ló ń fà wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló ni ọkọ̀ tirẹ̀, máìlì tí wọ́n bá rìn ni wọ́n sì ń gbowó lé lórí.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, jíà tó kú lójú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó máìlì ti dúró, ọkọ̀ tó máa wá wọ́ ọ ń gbowó, ilé ìtura ń gbowó, mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n rí ń gbowó, ẹni tó ń retí ẹrù sì ń pe fóònù. Irú wọn kì í wá agbára ẹṣin 2,000. Ohun tí wọ́n ń wá ni jíà tó máa gun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìyọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Kọnfátà tó dáa, rédíétọ̀ ọ́ìlì tó tóbi àti ago kékeré tó ń fi bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó hàn, ìyẹn ti tó wọn.

ÈÉFÍN ÀTI ÒFIN

Òfin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Kò sẹ́ni tí wọ́n mú torí pé ó fún jíà ọkọ̀ rẹ̀ lágbára. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà ni kí wọ́n yọ àwọn ohun èlò tó ń sẹ́ èéfín ọkọ̀ kúrò, kí agbára lè pọ̀ sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àjọ EPA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ díísù tó lé ní 550,000 ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí láàárín bíi ọdún mẹ́wàá. Èéfín yẹn kò mọ ọmọ onípíkọ́ọ̀pù yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí àìsàn ikọ́ ṣéẹ́ṣéẹ́ ń bá jà ló ń fà á símú.

Àwọn ńlá náà kò sì yọ nínú ẹjọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Cummins fọwọ́ sí i láti san owó ìtanràn bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 675 dọ́là, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fi ohun tó ń tan àyẹ̀wò èéfín jẹ sínú ẹ́ńjìnnì Ram ọdún 2013 sí 2019. Wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n sanwó. Ilé-iṣẹ́ tí dírẹ́bà kan dá sílẹ̀ ní Columbus nìyẹn.

Ní Indiana, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́, tó ní kó bá òun fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì yóò bi í ni pé kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ náà fà, kí sì ni jíà rẹ̀. Bí kò bá lówó jíà, wọ́n á ní kó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tí kò gbọ́ràn ló ń san owó yẹn lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á sanwó agbára, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n á wá sanwó jíà, ọkọ̀ á sì wà nílẹ̀ láàárín ìgbà náà. Jíà làkọ́kọ́, agbára lẹ́yìn.